Laptop Ìyá Ìbejì àti eku tó ń jẹ ẹsẹ̀

Ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Òṣogbo ló kọ̀wé sí mi. Ó ní kí n máa pe òun ní Ìyá Ìbejì. Mo gé ìwé náà kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Laptop tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ń ṣe bí ẹni pé iwin ń gbé inú rẹ̀. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mouse rẹ̀ ti ń rìn kiri fúnra rẹ̀, pàápàá lọ́wọ́ alẹ́. Ó tún wá wúwo bí òkúta. Kó tó bẹ̀rẹ̀, oníbàárà kan tí n kò mọ̀ rí fi fáìlì ránṣẹ́ sí ímeèlì mi pé kí n bá òun tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó. Mo ṣí i, kò sí nǹkan tó jáde. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà mi kan ní Ìkìrun san ₦185,000 owó kàlẹ́ńdà sí àkáǹtì tí kì í ṣe tèmi. Ó ní láti ímeèlì mi ni wọ́n ti fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí òun. Mo fi Ọlọ́run búra, n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àbúrò mi ní kí n fi antivirus sí i. Ẹnjiníà àdúgbò ní kí n mú ₦15,000 wá kí òun fọ́ọ̀màtì rẹ̀. Ọkọ mi ní kí n tà á. Ṣé lóòótọ́ ni ẹnì kan wà nínú kọ̀ǹpútà mi? Báwo ni mo ṣe máa lé e jáde? Ṣé ó ń wò mí láti ojú kámẹ́rà yẹn?"

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ pẹ̀lẹ́ ti owó kàlẹ́ńdà yẹn, a ó padà sórí rẹ̀. Nǹkan mẹ́rin lẹ dì sínú ẹrù kan: mouse tó ń rìn, laptop tó wúwo, fáìlì tí kò ṣí, owó tó yà gba ibòmíràn lọ. Èmi ò fojú rí laptop náà, ohunkóhun tí mo bá sì sọ nípa rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí, àbá ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n dá a, màá ní àwọn méjì tó ń dẹ́rù bà yín jù lọ ni kò fẹ́rẹ̀ẹ́ já mọ́ nǹkan kan, àwọn méjì tí ẹ kàn sọ kọjá ló mú mi nàró lórí àga.

Ẹ jẹ́ ká ti orí mouse bẹ̀rẹ̀. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé laptop wá pé ẹnì kan ń bá àwọn darí mouse, yíyọ ṣáájà ni mo fi ń wò wọ́n sàn. Bàbá kan, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, gbé tirẹ̀ wá tòun ti aṣọ ìbora ọmọdé tó fi wé e kí olè má baà rí ojú òun lọ́nà. Mo tan án. Mouse ń gbọ̀n, ó ń fò láti igun kan dé ìkejì. Mo fa ṣáájà yọ, ó dúró jẹ́ẹ́. Mo ki ṣáájà bọ̀ ọ́ padà, ó tún bẹ̀rẹ̀ ijó. Bàbá ní, "Ṣé ó ti lọ ni, àbí ó sá pamọ́?" Touchpad kò mọ ìka; iná díẹ̀ tó wà lára ìka wa ló ń mọ̀. Bí ṣáájà bá jẹ́ ayédèrú, tàbí tó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní I-pass-my-neighbour, tí kò ní wáyà ilẹ̀, ló ń gbé e, iná tó ń wọlé á máa jà, touchpad á sì máa rí ìka tí kò sí níbẹ̀. Ẹ wá fi òógùn kún un, àti tàdáwà tó máa ń wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tẹ̀wé. Ẹ ní ọwọ́ alẹ́ ló máa ń ṣẹlẹ̀. Ṣé kì í ṣe ìgbà yẹn náà lẹ máa ń tan jẹnẹrétọ̀?

N kò sọ pé mouse kì í rìn lọ́wọ́ olè o. Ó ń rìn, pàápàá bó bá jẹ́ AnyDesk tàbí TeamViewer ló fi wọlé. Sọ́fítíwíà gidi ni àwọn yẹn, iléeṣẹ́ ló ń fi wọ́n bá òṣìṣẹ́ tún kọ̀ǹpútà ṣe láti òkèèrè, kí àwọn oníjìbìtì tó wá mọ̀ pé àwọn lè pe ènìyàn lórí fóònù kí wọ́n sì tàn án kó fi wọ́n sí tirẹ̀. Bó ṣe ń rìn ni kí ẹ wò. Èyí tí iná ń dà láàmú á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí, kò níbi tó ń lọ. Èyí tí ènìyàn ń darí níbi tó ń lọ: ó kọrí sí Chrome tààrà, ó tẹ̀ ẹ́, ó dúró kó ṣí, ó kọ nǹkan sínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí irú ìyẹn, ẹ má dúró wò ó parí. Ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀.

Ti wíwúwo, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Laptop tó ní RAM 4GB àti hard disk alátijọ́, tí a tún ń fi CorelDRAW ṣí kàlẹ́ńdà olójú ewé méjìlá lórí rẹ̀, yóò wúwo bí kò bá tiẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í sábà wúwo. Òmíràn wà tí kò tó fọ́tò kan tí ẹ fi fóònù yà.

Ó wá ku fáìlì yẹn. Ẹ ní ẹ ṣí i, kò sí nǹkan tó jáde. Ìyá Ìbejì, ó jáde. Ẹ̀yin kọ́ ló jáde sí ni.

Sọ́fítíwíà kan wà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní RAT, ìkékúrú Remote Access Trojan. Ó máa ń jẹ́ kí ẹni tó jókòó síbòmíràn lo kọ̀ǹpútà yín bí ẹni pé òun ló rà á. Ó ṣe kòńgẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ni Òyìnbó ṣe ń kọ eku, eku lèmi náà yóò sì máa pè é, torí orúkọ yẹn bá ìwà rẹ̀ mu ju bí àwọn tó sọ ọ́ ṣe mọ̀ lọ. Ẹ mọ ohun tí àwọn ìyá wa máa ń sọ nípa eku tó ń jẹ ẹsẹ̀ ẹni tó sùn: bó ti ń gé e jẹ náà ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, onítọ̀hún ò ní mọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Iṣẹ́ eku inú kọ̀ǹpútà nìyẹn gẹ́lẹ́. Kò ní fi mouse yín ṣeré. Yóò máa ka gbogbo ohun tí ẹ bá tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, yóò máa ya fọ́tò ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà, yóò kó gbogbo páásíwọ́ọ̀dù tí Chrome bá yín tọ́jú, yóò máa tú fólídà yín wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin ní tiyín ẹ̀ ń tẹ kàlẹ́ńdà lọ. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó máa ń ṣí ojú tábìlì (desktop) kejì tí ẹ ò lè rí rárá, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa lo Chrome yín.

Nǹkan àtijọ́ ni. Ọdún 1998 ni ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Cult of the Dead Cow gbé eku kan tó ń jẹ́ Back Orifice jáde níbi DEF CON, ìpàdé àwọn hacker, ní Las Vegas, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi han ayé bí Windows ìgbà náà ṣe ṣí sílẹ̀ gbayawu tó. Nígbà tó yá, ó di ọjà. Blackshades, tí FBI àti ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè púpọ̀ kó àwọn tó ń tà á àti àwọn tó ń rà á lọ́dún 2014, wọ́n tà á débi dọ́là ogójì, ó sì ti wọ kọ̀ǹpútà tó lé ní 500,000 kí ọwọ́ tó tẹ̀ wọ́n. Ẹ má sì rò pé àwọn ará Rọ́ṣíà nìkan ló ń ṣe é. Lọ́dún 2022, EFCC àti Interpol mú ọkùnrin mẹ́ta nílùú Èkó tí wọ́n fura sí pé wọ́n ń lo Agent Tesla, eku kan tó mọ páásíwọ́ọ̀dù jí bí ajá ṣe mọ eegun. Ní oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí Amẹ́ríkà gba ìkànnì tí wọ́n ti ń ta Warzone RAT, ẹni méjì ni wọ́n mú: ọ̀kan ní Malta, ìkejì ní Nàìjíríà níbí. Ẹni tó ń ka ímeèlì yín lè máa gbé ládùúgbò tí NEPA ti ń mú iná lọ bíi tiyín.

Ọ̀nà tó gbà wọlé rèé. Bí Windows ṣe wà láti iléeṣẹ́, ó máa ń fi ìrù orúkọ fáìlì pamọ́. Fáìlì tó ń jẹ́ IV_Igbeyawo.pdf.exe, IV_Igbeyawo.pdf lẹ máa rí, wọ́n á sì ya àwòrán PDF pupa sí i lójú. Ìrù ló ń sọ irú ẹran tó jẹ́. Ẹ ṣí File Explorer, ẹ tẹ View, ẹ tẹ Show, kí ẹ fi àmì sí File name extensions (lórí Windows 10, inú View gan-an ló wà). Kí ẹ wá lọ wo fáìlì náà nínú Downloads. Bí ìrù rẹ̀ bá jẹ́ .exe, .scr, .js, .vbs tàbí .iso, kò sí ìyàwó níbẹ̀, kò sí ọkọ. Ẹ má tún tẹ̀ ẹ́ o! Lọ́jọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti da ara rẹ̀ kọ sí kọ̀rọ̀ kan nínú fólídà AppData tí kì í hàn sójú, ó ti kọ orúkọ ara rẹ̀ síbi tí Windows máa ń wò nígbà tó bá ń jí láràárọ̀, ó sì ti pe ọ̀gá rẹ̀. Òun ló pè jáde, kì í ṣe ọ̀gá ló pè wọlé. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí odi tó wà lára router dá a dúró: odi ń ṣọ́ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn níta, èyí ti wà ní yàrá.

Owó Ìkìrun ló wá fi hàn mí pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá laptop. Ẹnì kan ti wà nínú ímeèlì yín, ó ka ọ̀rọ̀ kàlẹ́ńdà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní sùúrù dìgbà tí owó fẹ́ jáde, ó wá fi nọ́ńbà tirẹ̀ síbẹ̀. N kò lè búra pé eku ló gbé e débẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù yín sójú ìwé ayédèrú kan rí. Èyí ó wù kó jẹ́, ibì kan náà lẹ ó kọ́kọ́ wò. Lọ́dún tó kọjá, mo jókòó ti oníbàárà mi kan tó ń ta táìlì ní Ìbàdàn. Ó ti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta, olè ṣì ń mọ gbogbo ohun tó ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ. A ṣí Gmail rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi, a tẹ Settings, a tẹ See all settings, a dé ibi tí wọ́n kọ Filters and Blocked Addresses sí. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun kọ́ ló sì fi í síbẹ̀: ìwé yòówù tó bá ti ní "payment" tàbí "account" nínú, kí Gmail fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì kan, kó sì pa ojúlówó rẹ́. Ọkùnrin náà wò ó títí. Ó ní, "Abájọ tí wọ́n ń sọ pé àwọn ti kọ̀wé sí mi." Ẹ wo ibẹ̀. Ẹ wo Forwarding and POP/IMAP náà. Lẹ́yìn náà, ní ìsàlẹ̀ pátápátá lápá ọ̀tún Gmail, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tó ń jẹ́ Details; ẹ tẹ̀ ẹ́, yóò sọ ìgbà tí wọ́n ṣí ímeèlì yín lẹ́nu àìpẹ́ yìí àti ibi tí wọ́n ti ṣí i. Bí ẹ bá bá òfin àjèjì kankan níbẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò kí ẹ tó pa á rẹ́. Ẹ̀rí yín nìyẹn lọ́dọ̀ oníbàárà yín àti lọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Ẹ má ṣe gbogbo èyí lórí laptop náà o. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í ṣe: wọ́n á jókòó síwájú laptop tí eku wà nínú rẹ̀, wọ́n á máa pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù, eku á sì máa kọ tuntun náà sílẹ̀. Kí ẹ tó ronú àtilé e, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ pa Wi-Fi laptop náà, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wá kọ̀ǹpútà tó dá yín lójú tàbí kí ẹ lo fóònù yín, bí ẹ kò bá tíì fi app tó wá láti ìta Play Store sí i. Ímeèlì lẹ ó kọ́kọ́ pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo àkáǹtì yòókù ń gbà tún tiwọn ṣe. Pípààrọ̀ nìkan kò sì tó. Nígbà tí ẹ bá wọ Gmail tàbí Facebook, wọ́n máa ń fi àmì kan sínú Chrome kí wọ́n má baà máa bi yín ní páásíwọ́ọ̀dù lójoojúmọ́. Eku máa ń jí àmì yẹn. Ẹni tó bá ti ní i lọ́wọ́ ti wọlé nìyẹn, kò nílò páásíwọ́ọ̀dù mọ́, kò sì nílò kóòdù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Ẹ wọ inú àkáǹtì Google yín, ẹ wá Your devices, kí ẹ yọ gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ kúrò yàtọ̀ sí èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ yọ laptop náà fúnra rẹ̀. Ẹ ṣe bákan náà fún Facebook. Ní WhatsApp, Linked devices ni. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá tan 2-Step Verification, èyí tó ń béèrè kóòdù lẹ́yìn páásíwọ́ọ̀dù.

Ẹ pe báńkì yín kí wọ́n dá lílò àkáǹtì lórí íntánẹ́ẹ̀tì dúró títí ẹ ó fi parí iṣẹ́. Ní ti ₦185,000, báńkì oníbàárà Ìkìrun ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe tiyín, torí àkáǹtì rẹ̀ ni owó ti jáde. Kó mú rìsíìtì tíránsífà tó ní session ID dání, kó sì fi ọ̀rọ̀ náà sun ọlọ́pàá tàbí EFCC. Báńkì lè di owó náà mú bó bá ṣì wà níbi tó balẹ̀ sí. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ṣòro kó ṣì wà níbẹ̀. Ta ni yóò ru gbèsè rẹ̀ láàárín ẹ̀yin méjèèjì? Ẹjọ́ yẹn ga ju ti oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ.

Ẹ béèrè bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣé ẹ lè fojú ara yín rí i? Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager á ṣí. Ẹ lọ síbi Startup, kí ẹ ka orúkọ àwọn tó ń bá Windows jí láràárọ̀. Ẹ lọ sí Installed apps, kí ẹ wò ó bóyá AnyDesk tàbí UltraViewer tí ẹ ò fi síbẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ bá rí svchost.exe bí ogún, ẹ má fòyà, Windows ló ni wọ́n. Èyí tó ń ti ibòmíràn jáde yàtọ̀ sí C:\Windows\System32, tàbí tí wọ́n kọ ní scvhost, ni kó kọ yín lóminú. Ẹni tó bá ní sùúrù lè gba Autoruns lọ́wọ́ Microsoft, ọ̀fẹ́ ni, yóò fi gbogbo ihò tí nǹkan lè gbà jí hàn án. Wọ́n tún máa ń ní kí ènìyàn kọ netstat -ano kó lè rí ẹni tí kọ̀ǹpútà ń bá sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ ti pa íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní rí nǹkan kan, n kò sì fẹ́ kí ẹ tan án padà torí ìyẹn.

Ibì kan wà tí èmi máa ń kọ́kọ́ wò, tí àwọn ènìyàn kì í dé. Ẹ ṣí Windows Security, ẹ tẹ Virus & threat protection, lẹ́yìn náà Manage settings, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé Exclusions. Àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí a ní kí Defender, antivirus inú Windows, má yẹ̀ wò nìyẹn. Lórí kọ̀ǹpútà tí ọwọ́ ò kàn, ó sábà máa ń ṣófo. Nígbà kan, mo ṣí i lórí laptop ọmọ yunifásítì kan, mo bá C:\ níbẹ̀, lásán báyìí: gbogbo ilé. Wọ́n ti ní kí ọdẹ má wọ ilé tí wọ́n ní kó ṣọ́. Defender ń kọ No threats lójoojúmọ́, kò sì parọ́, torí kò wo ibì kankan. Ọmọ náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi í síbẹ̀, nígbà tó ń fi sọ́fítíwíà crack (èyí tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kí wọ́n má baà rà á) sí i, tí ìwé ìtọ́ni rẹ̀ ní kó kọ́kọ́ pa antivirus. Ìyá Ìbejì, n kò bi yín léèrè ibi tí ẹ ti rí CorelDRAW tiyín. Mo kàn ń sọ ni.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo gbogbo ibi tí mo kà yìí tí ẹ ò rí nǹkan kan, kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan. Àwọn eku òde òní mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀wù Windows wọ̀. Wọ́n á jẹ́ kí sọ́fítíwíà tó jẹ́ ti Microsoft gan-an bẹ̀rẹ̀, bíi RegAsm.exe tàbí MSBuild.exe, wọ́n á kó ìfun rẹ̀ jáde, wọ́n á wọ inú rẹ̀. Orúkọ gidi, ibùgbé gidi, àlejò ló ń fọhùn. Èmi tí mo ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, n kò lè fojú wo kọ̀ǹpútà kan kí n fọwọ́ sọ̀yà pé ó mọ́.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè fara mọ́ ìmọ̀ràn àbúrò yín pátápátá. Antivirus wúlò. Defender tó bá Windows wá ní Microsoft Defender Offline scan, tó máa ń tún kọ̀ǹpútà tàn kí Windows tó jí, tó sì ń wá a wò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Eku kì í rí ààyè sá nígbà yẹn. Bó bá jẹ́ pé ìfura lásán lẹ ní, màá ní kí ẹ ṣe ìyẹn, kí ẹ fi Malwarebytes tún un yẹ̀ wò, kí ẹ lọ sùn. Àmọ́ owó ti lọ. Ẹnì kan ti lo nǹkan yìí láti jalè, ó ti ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀, ó sì lè ti mú eku mìíràn tẹ̀lé ti àkọ́kọ́. Antivirus yóò sọ ohun tó rí fún yín, kò lè sọ ohun tí kò rí.

Ẹnjiníà àdúgbò ló sún mọ́ òótọ́ jù. Fọ́ọ̀màtì ni. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀màtì ju fọ́ọ̀màtì lọ, èmi náà sì ti jẹ̀bi rí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo ra DVD Windows kan lọ́wọ́ ẹnì kan lọ́jà. Office àti Corel ti wà nínú rẹ̀, kì í béèrè kọ́kọ́rọ́ kankan. Mo fi fọ́ọ̀màtì laptop oníbàárà mẹ́rin. Ó tó oṣù méjì kí n tó rí i pé nǹkan kan náà ń pe jáde láti inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sí àdírẹ́sì kan náà. Èmi tí wọ́n sanwó fún pé kí n lé eku, èmi ni mo gbé e wọlé nínú àpò mi. Mo dá owó wọn padà, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ojú sì ń tì mí títí dòní. Nítorí náà, ẹ bi ẹnjiníà yín ní ìbéèrè méjì kó tó gba ₦15,000: ibo ló ti rí Windows tó fẹ́ fi sí i, ṣé C nìkan ló sì fẹ́ fọ̀ tàbí gbogbo disk. Ìdáhùn tí ẹ̀ ń fẹ́ ni pé láti ìkànnì Microsoft ni, pẹ̀lú Media Creation Tool, lórí fíláàṣì 8GB tí a ṣe lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, àti pé gbogbo partition ni yóò pa rẹ́. Bó bá fi D sílẹ̀ torí kí fáìlì yín má baà sọnù, eku lè máa dúró dè yín níbẹ̀ nínú fólídà kan. Bí Windows bá bá laptop náà wá láti iléeṣẹ́ láti ìgbà Windows 8 wá, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sábà máa ń wà lára ẹ̀rọ náà, kò nílò crack kankan. Bó bá sì jẹ́ Windows 10, Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú gbogbogbò rẹ̀ dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Bí laptop náà bá lè gba 11, ìgbà yìí ni kí ẹ fi sí i.

Ẹ kó iṣẹ́ yín jáde kó tó fọ̀ ọ́: CDR, PDF, fọ́tò, ìwé tí ẹ tẹ̀. Ẹ má kó ohunkóhun tó bá jẹ́ .exe tàbí zip, ẹ má sì kó fólídà tí crack wà nínú rẹ̀, bó ti wù kó dùn yín tó. Kí Defender yẹ gbogbo rẹ̀ wò lẹ́yìn tí Windows tuntun bá ti wà lórí rẹ̀, kí ẹ tó ṣí ọ̀kan. Fáìlì tí ẹ̀ ń fura sí lè lọ sí VirusTotal, níbi tí antivirus tó lé ní ọgọ́ta yóò ti wò ó, àmọ́ ẹ má gbé ìwé oníbàárà lọ síbẹ̀, torí ohun tí a bá gbé lọ di ohun tí ẹlòmíràn lè rí. Àwọn kan á sọ fún yín pé eku kan wà tí fọ́ọ̀màtì kì í pa. Ó wà: lọ́dún 2018, iléeṣẹ́ ESET rí ọ̀kan tó ń jẹ́ LoJax tó ń gbé inú ẹ̀rọ kékeré tó ń jí kọ̀ǹpútà. Àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ni wọ́n fi ń wá. Kò sí ẹni tó máa ná irú ìyẹn sórí owó kàlẹ́ńdà.

Ẹ bá mi sọ fún bàbá wọn pé ká má tà á. Ẹni tó ń tẹ̀wé ní Òṣogbo, mo mọ ohun tó wà lórí disk rẹ̀: NIN ọmọ ilé-ìwé, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ìwé ẹ̀rí onílẹ̀. Bí ẹ bá tà á láìfọ̀ ọ́, ẹ ti ta àwọn oníbàárà yín mọ́ ọn. Bí ẹ bá sì ti fọ̀ ọ́ tán, kí lẹ tún fẹ́ tà á sí?

Ti kámẹ́rà, ó ṣeé ṣe. Lọ́dún 2013, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó gba adé Miss Teen USA ṣàlàyé fún ayé bí ẹnì kan ṣe gba ojú kámẹ́rà laptop rẹ̀ máa wò ó nínú yàrá rẹ̀. Nígbà tí FBI mú onítọ̀hún, ọmọ kíláàsì rẹ̀ àtijọ́ ni. Ẹ gé pílásítà kékeré kan lé e lójú, ó tó. Pílásítà ò ní dí etí rẹ̀ ṣá, gbohùngbohùn ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó yí nọ́ńbà àkáǹtì padà kò wá wo ojú yín, owó ló bá wá. Bí ìwé kan bá sì wọlé lọ́jọ́ iwájú pé "mo ti ká ọ sílẹ̀ níhòòhò, fi Bitcoin ránṣẹ́," tí wọ́n tiẹ̀ kọ páásíwọ́ọ̀dù yín àtijọ́ kan sínú rẹ̀ kí ẹ lè gbà wọ́n gbọ́, irọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Láti inú àkójọ páásíwọ́ọ̀dù tó ti jò síta ni wọ́n ti ń rí i, wọ́n á fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ẹ má fèsì.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí Windows tuntun ti wà lórí rẹ̀, tí páásíwọ́ọ̀dù ti yí padà, mouse yẹn lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó lálẹ́ ọjọ́ kan. Kí ẹ tó pè mí, ẹ yọ ṣáájà.